Kókó Sítóòfù

Ogójì ọdún ni ìyá mi fi la ẹja
ní fákítírì etí omi, l'Ísafjörður,
níbi tí òkè ti ń di oòrùn lọ́nà
títí Oṣù Kìíní fi ń parí lọ.
Omi yìnyín ń jẹ ẹ́ níka díẹ̀díẹ̀
bí eku ṣe ń jẹ etí ìwé.
Lónìí, bí o bá fi abẹ́rẹ́ gún un ní àtàǹpàkò,
á ní, "Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Èmi Sólrún ọmọ rẹ̀, àwòrán sítóòfù ni mo ń yà jẹun.
Ní Reykjavík, Ketill ọ̀gá mi fi àtẹ́lẹwọ́ nu gíláàsì:
"Wò ó! Ó dán bí adágún tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí.
Kò sí kókó, kò sí bọ́tìnnì,
kò síbi tí ìdọ̀tí lè sá pamọ́ sí."
Mo wò ó. Ó dán lóòótọ́.
Ó dán débi pé ìka kò mọ ibi tí òun dé.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Ojú ta?
Ojú tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń rá lọ sẹ́nu ọ̀nà,
ṣé òun náà ni yóò máa wo bí iná ṣe mọ?

Mo gbẹ́ kókó mẹ́tàdínlógún.
Mo fi igi gbẹ́ ẹ, mo fi rọ́bà, mo fi idẹ,
ọ̀kan tóbi bí ọ̀pọ̀lọ́,
ọ̀kan tín-ín-rín bí etí owó ẹyọ.
Mo kó wọn sápò, mo wọ bàlúù kékeré lọ bá ìyá mi.
Ó dà wọ́n sí itan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.
"Eléyìí ń yọ̀. Eléyìí mú jù.
Eléyìí ń purọ́: ó wúwo lójú, ó fúyẹ́ lọ́wọ́.
Èyí dára."
Inú mi dùn.
"Ó dára fún ọmọge eléèékánná gígùn."

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ,
t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè;
ta ló wá gbẹ́ ayé sí ìwọ̀n ọwọ́ Ketill?

Lóru ọjọ́ náà, ìjì já wáyà iná.
Òkùnkùn dé, irú èyí tó ń fọwọ́ bo èèyàn lẹ́nu.
Èmi ń tá ràrà wá fóònù,
ìyá mi ti dìde.
Mo gbọ́: kẹ. Kẹ. Kẹ.
Iná aláwọ̀ búlúù yọ lábẹ́ kẹ́tùlù.

"Báwo lẹ ṣe mọ ibi tí ẹ yí i dé?"
Ó fa ọwọ́ mi lé kókó sítóòfù àtijọ́ náà.
Kòtò kékeré kan wà níbẹ̀,
kò ju ojú àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ.
"Bàbá rẹ ló fi ayùn rẹ́ ẹ
lọ́dún tí ìka mi kọ́kọ́ kú.
Kò sọ fún mi.
Mo kàn fọwọ́ bà á láàárọ̀ ọjọ́ kan ni.
Má fi orí ìka wá a! Orí ìka ti kú.
Oríkèé ni kí o fi wò ó."

Oríkèé.
Mẹ́tàdínlógún ni mo gbẹ́, mo gbẹ́ gbogbo wọn fún orí ìka.

Ketill ní, "Kí ni kókó ọ̀rọ̀ rẹ?"
Mo gbé kókó kejìdínlógún lé e lọ́wọ́,
mo ní kó dijú.
Ó pẹ́ kó tó là á.

Wọ́n gbà. Wọ́n ní kí kòtò náà wà,
ṣùgbọ́n kó fẹ́lẹ́ sí i, nítorí fọ́tò ìpolówó.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jà lórí ìdajì mìlímítà,
ìdá mẹ́ta rẹ̀ ni mo rí gbà.

Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìyá mi lọ́fẹ̀ẹ́.
Ó fi oríkèé wò ó.
Ó tún un wò. Ó dákẹ́.
Ó ṣí dúrọ́ọ̀ bàbá mi,
ó mú ayùn.